Ta Ni Yóò Sanwó Gíráfíìkì? Àtúnṣe Àwòrán Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Ojú Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́



Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Activision ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé géèmù tuntun kan jáde fún fóònù. Call of Duty: Warzone Mobile lorúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ni pé àwòrán rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bá èyí tí wọ́n ń rí lórí kọ̀ǹpútà ńlá dọ́gba, àti pé èèyàn 120 lè jọ wọ inú ogun kan ṣoṣo. Kò pé ọdún kan àti oṣù méjì tí wọ́n fi kó o kúrò lórí àtẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilẹ̀kùn tì mọ́ ẹni tuntun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Call of Duty: Mobile, tó ti wà láti oṣù kẹwàá ọdún 2019, tí àwòrán rẹ̀ kò sì tó ti àbúrò, kò bá a kógbá wọlé.

Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún gíráfíìkì géèmù ṣe gbọ́ ìtàn yìí kó tó na kọ́bọ̀. Ìdí ni pé owó méjì ni gíráfíìkì ń jẹ. Ẹni tó ni géèmù ń san àkọ́kọ́: owó ayàwòrán, owó ẹ̀rọ, owó àyẹ̀wò. Ẹni tó ń gbá géèmù ló ń san èkejì: fóònù tó lágbára, dátà, iná. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹni àkọ́kọ́ sábà máa ń san tirẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ẹnì kejì ń san tirẹ̀. Ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, owó kejì yìí ló ń pinnu bóyá géèmù yóò yè tàbí yóò kú, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni àwọn tó ń ṣe géèmù kì í kọ sínú ìwé ìṣirò wọn.

Ta ló ń ya àwòrán náà gan-an?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ géèmù, ló ń ya àwòrán, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí fóònù. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn kúkúrú ni sáfà ń fi ránṣẹ́: lágbájá dúró níbí, tàmẹ̀dò ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹnì kẹta ti yìnbọn, ọta ti bà á. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ ní Agric ní Ìkòròdú tàbí ní Pópó Ọba ní Ẹ̀pẹ́ ló ń sọ ìròyìn yìí di ilé, igi, ọ̀nà àti èèyàn tó ń rìn.

Fóònù náà kò sì ní àyè ìsinmi. Kí ìrìn tó dán lójú, ó gbọ́dọ̀ ya odidi àwòrán tuntun ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, àwòrán kọ̀ọ̀kan kò ní ju nǹkan bí 33 lọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìgbà 60 kò fún fóònù rẹ̀ ju nǹkan bí 17 lọ. Gbogbo òjìji, gbogbo ìtànṣán oòrùn lórí omi, gbogbo ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́, inú àkókò yìí ni iṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ parí sí. Bí iṣẹ́ bá ju àkókò lọ, àwòrán á máa fò, ọmọ á ní géèmù ń háńgì. Fóònù á gbóná, bó bá sì ti gbóná tán, òun fúnra rẹ̀ á dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná. Ìdí nìyẹn tí géèmù kan fi lè dára fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó wá di ìyà fún ogójì ìṣẹ́jú tó kù.

Ẹ wo ìṣirò ojú fóònù náà. Ojú fóònù jẹ́ àpapọ̀ àwọn àmì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì. Èyí tó jẹ́ 1280 ní ìbú àti 720 ní gíga ní píksẹ́lì 921,600. Èyí tó jẹ́ 1920 àti 1080 ní 2,073,600, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Awọ tí wọ́n fi ń bo ara ilé àti aṣọ inú géèmù náà ní ìṣirò tirẹ̀. Awọ tó jẹ́ 1024 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ mẹ́gábáìtì mẹ́rin kí wọ́n tó fún un pọ̀. Bí ẹ bá sọ ẹ̀gbẹ́ yẹn di 2048, ó di mẹ́gábáìtì 16. Bí ẹ bá tún sọ ọ́ di 4096, ó di 64. Ayàwòrán rò pé ìlọ́po méjì lòun fi kún un. Ìlọ́po mẹ́rin ni fóònù ń gbé. Fóònù tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì méjì tàbí mẹ́ta, tí WhatsApp, Facebook àti Android fúnra rẹ̀ ti jókòó sí inú rẹ̀, kò ní àyè púpọ̀ láti fi gba àlejò bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí gíráfíìkì kò lè wò sàn. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí kìlómítà 5,000. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ti ń sáré tó nínú okùn gíláàsì, á lo nǹkan bí ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá láti lọ kó sì bọ̀, bí okùn náà bá tilẹ̀ gún régé. Okùn kì í gún régé, nítorí náà ìdádúró máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ọta bà kó tó rí ẹni tó yìnbọn, ọ̀nà jíjìn ló ń bá jà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun bíi WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan. Gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló mọ̀ ọ́n lára, àti ẹni tí fóònù rẹ̀ jẹ́ olówó ńlá àti ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ tòkúnbọ̀. Owó tí olùdásílẹ̀ kan ì bá fi tún òjìji àti omi ṣe lè wúlò jù bó bá fi yá àyè sáfà ní Èkó. Ó sì ṣeé ṣe: láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni Amazon ti ní ibùdó kékeré fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkó.

Owó ẹni tó ni géèmù

Ní ìparí ọdún 2024, ìwé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé Activision ná ju 700 mílíọ̀nù dọ́là lọ lórí Call of Duty: Black Ops Cold War, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí kan àwọn àfikún tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tó jáde ní ọdún 2020. Ní ₦1,500 sí dọ́là kan, ìyẹn ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ. Kò sí ilé-iṣẹ́ géèmù kankan ní Nàìjíríà tó lè bá irú owó bẹ́ẹ̀ du ipò. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí owó náà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, nítorí ìṣirò ilé-iṣẹ́ kékeré yàtọ̀.

Ká sọ pé ọ̀dọ́ mẹ́rin ní géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ní èèyàn inú rẹ̀ 20, ohun ìjà 30, pẹ̀lú ilé, igi àti ọkọ̀ 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Bí ayàwòrán kan bá lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti tún un yà, ọjọ́ iṣẹ́ 600 nìyẹn. Oṣù kan ní nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ 22. Ẹnì kan ṣoṣo á lo ju oṣù 27 lọ. Àwọn mẹ́rin á lo nǹkan bí oṣù méje. Bí oṣù ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ₦300,000, wọ́n ti ná ₦8,400,000 kí wọ́n tó ra epo, kí wọ́n tó san owó íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó dán an wò lórí fóònù kankan. Láàárín oṣù méje yẹn, wọn kò ṣe ogun tuntun, wọn kò ṣe ìdíje tuntun, wọn kò tún ibi tó ń háńgì ṣe. Ohun tí wọn kò ṣe yìí wà lára owó àtúnṣe náà.

Irinṣẹ́ kọ́ ló sábà máa ń gbówó lórí jù. Ọ̀fẹ́ ni Blender tí wọ́n fi ń ya ohun oníhà mẹ́ta. Gbogbo ayé ló ti ń lò ó láìsanwó láti ọdún 2002 tí wọ́n ti ṣí i sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Godot, ọ̀kan lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù. Ẹ́ńjìnnì mìíràn, Unreal, kì í gba owó títí owó tí géèmù kan pa yóò fi kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là, lẹ́yìn náà ló ń gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ́ńjìnnì Unity ló dá ìpayà sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nígbà tó ní òun yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí àwọn èèyàn bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ wọn. Ariwo pọ̀ lágbàáyé, ó sì fagi lé e ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá ń ṣírò owó àtúnṣe ka àdéhùn irinṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Owó pọ̀ lọ́wọ́ Square Enix ti ilẹ̀ Japan, síbẹ̀ gíráfíìkì wà lára ohun tó gbé e ṣubú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 ni wọ́n gbé Final Fantasy XIV jáde. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ bí ìgbín, ó sì kún fún àìtó. Naoki Yoshida, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe lé lọ́wọ́, ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ìkòkò òdòdó kan wà nínú géèmù náà tí iye igun tí wọ́n fi kọ́ ọ tó ti èèyàn tó ń gbá géèmù. Ìkòkò lásán, tí kò sí ẹni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ń jẹ agbára tí èèyàn ń jẹ! Bí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ nínú yàrá kan, kò ní sí àyè mọ́ fún èrò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, wọ́n ti géèmù náà pa pátápátá, wọ́n sì kọ́ ọ lọ́tun. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2013 ló ń pawó fún wọn títí di òní.

Owó ẹni tó ń gbá a

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní Sábó Ìkòròdú àti ní Ayétòrò Ẹ̀pẹ́, èèyàn á rí ilé géèmù tí àwọn ọmọdé ń sanwó wọ̀: tẹlifíṣọ̀n mélòó kan, ẹ̀rọ PlayStation, àga onírọ́bà, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré níta. Ká ṣírò ti ẹni tó ni ilé náà, tó fẹ́ kúrò lórí PS4 bọ́ sórí PS5 nítorí àwòrán.

PS4 tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 90 bí wọ́n bá ń gbá géèmù lórí rẹ̀. PS5 ń jẹ nǹkan bíi 200 lórí géèmù tí wọ́n ṣe fún un gan-an. Tẹlifíṣọ̀n kékeré á jẹ 50. PS4 mẹ́ta pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n wọn jẹ́ wáàtì 420. PS5 mẹ́ta pẹ̀lú tiwọn jẹ́ 750. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ìlú ń pè ní "I better pass my neighbour" kì í lè gbé ju nǹkan bí wáàtì 650 lọ fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò lè gbé mẹ́ta ti tuntun. Àwòrán tó dára jù ti sọ jẹnẹrétọ̀ di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ rà tuntun, epo tó ń mu á sì pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ owó epo ti wọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Bí iná ìjọba bá wà ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iye yúníìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù, gbéra láti nǹkan bí ₦68 dé ₦225. Ní iye yẹn, PS5 tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá jẹ yúníìtì méjì, ₦450. PS4 tó ṣe irú rẹ̀ jẹ nǹkan bí ₦200. Ẹni tó ni ilé géèmù kò lè ti ìyàtọ̀ yẹn sórí ọmọ tó ń mú ₦100 tàbí ₦200 wá, nítorí ọmọ náà á kàn lọ sí ilé kejì ni.

Ti fóònù tún le ju èyí lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000 láti oṣù keje ọdún 2024. Ní ọdún 2024 kan náà, Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ti òṣìṣẹ́ tirẹ̀ di ₦85,000. Inú ilé tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń wọlé sí ni ọmọ tó ń gbá géèmù ti ń ra dátà. Bí olùdásílẹ̀ bá sọ pé "àtúnṣe wa kò ju gígábáìtì méjì lọ", ọmọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń sáré ní mẹ́gábíìtì márùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á dúró fún nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, tí géèmù kò sì mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé, dátà ti ṣòfò. Ọmọ náà kì í kọ ìwé ẹ̀sùn. Á pa géèmù rẹ́ kó lè rí àyè fi fọ́tò àti fídíò sí, ó parí. Ilé-iṣẹ́ náà á wá máa wo nọ́ńbà rẹ̀, á máa béèrè pé kí ló lé àwọn oníbàárà lọ.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn fóònù Tecno, Infinix àti Itel, tí ilé-iṣẹ́ Transsion ti Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe, ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa. Ẹni tó bá ń ṣe géèmù fún Ìkòròdú gbọ́dọ̀ fi èyí tó kéré jù nínú wọn ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀.

Bí àwọn mìíràn ṣe ṣe é

Títún gíráfíìkì géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe dà bí ẹni tó ń tún ilé ṣe nígbà tí àwọn ayálégbé ṣì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè lé wọn jáde kó tó kun ilé. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn kọ́lékọ́lé mélòó kan.

Ilé-iṣẹ́ CCP ti ilẹ̀ Iceland, tó ni géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì EVE Online, gbé gíráfíìkì tuntun jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2007. Wọ́n ṣe ohun tó gbọ́n: wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára, ó sì tó ọdún kan lé kí wọ́n tó mú un kúrò. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà ní àléébù kan: ó pa fáìlì boot.ini rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àwọn kan, àwọn kọ̀ǹpútà náà kò sì lè tàn mọ́. Àwòrán ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, ẹ̀rọ oníbàárà ni wọ́n bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí owó àyẹ̀wò kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun àkọ́gé nínú ìṣirò.

Ilé-iṣẹ́ Jagex ti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé RuneScape HD, àwòrán tuntun fún géèmù RuneScape, jáde ní oṣù keje ọdún 2008. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n ń tún un ṣe, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà inú géèmù náà sì ń sọ pé èyí kì í ṣe ilé tí àwọn mọ̀ mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2013, àwọn tó ń gbá a dìbò, Jagex sì gbé ẹ̀dà ọdún 2007 padà wá, wọ́n pè é ní Old School RuneScape. Ẹ̀dà tí àwòrán rẹ̀ rí játijàti yìí ló wá ní èrò ju ti tuntun lọ. Ọ̀rọ̀ náà tún yí padà ní ọdún 2021: ẹnì kan tó ń gbá géèmù náà ti fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe àfikún gíráfíìkì kan fúnra rẹ̀, 117HD, lọ́fẹ̀ẹ́. Jagex kọ́kọ́ ní kó dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń gbá géèmù bínú, wọ́n fẹ̀hónú hàn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ Jagex gbà kó gbé e jáde. Ẹni tó fẹ́ dídán ń lò ó, ẹni tí kò fẹ́ kò lò ó. Kò sí ẹni tó ní kí ilé-iṣẹ́ má tún àwòrán ṣe láéláé. Kí wọ́n má fi tipátipá wọ̀ ọ́ fún èèyàn ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ilé-iṣẹ́ Konami kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti yàn. Àwọn ọmọ Èkó mọ PES, géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀, bí ẹni mọ owó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Konami fi eFootball 2022 rọ́pò rẹ̀, wọ́n gbé e kúrò lórí ẹ́ńjìnnì tiwọn bọ́ sórí Unreal. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù olókìkí rí wúruwùru, àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Twitter, ó sì wà lára àwọn géèmù tí wọ́n bú jù lọ lórí Steam. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì. Ẹ́ńjìnnì tuntun kò burú. Kíkánjú gbé e jáde ló burú.

Èyí tó bá ipò wa mu jù ni ti géèmù Free Fire. Fóònù kékeré ni ilé-iṣẹ́ Garena fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, ìyẹn ló sì jẹ́ kó tàn kálẹ̀ ní Brazil, Íńdíà àti Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ àwòrán tó dára sí i, wọn kò fọwọ́ kan ti àtijọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n gbé Free Fire MAX jáde lọ́tọ̀. Àkáǹtì kan náà ni, ogun kan náà ni, sáfà kan náà ni. Ọmọ olówó ní Lekki lè fi MAX gbá a pẹ̀lú òjìji àti iná tó ń tàn yanranyanran, ọmọ apẹja ní Ẹ̀jìnrìn á fi ti kékeré bá a jà, tí kò sì ní sí ìrẹ́jẹ. Owó kejì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan di ohun tí ẹni tó bá ní agbára nìkan ń san.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Àwọn kan á ní owó ló fa gbogbo rẹ̀, pé kò sí bí aláìní ṣe lè gbé àwòrán tó wuyì jáde. Ìkòròdú ti dá wọn lóhùn. Láti ọdún 2017 ni àwọn ọmọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù, igi, páálí àti ohun inú ilé ìdáná ṣe àfarawé fíìmù olówó ńlá. Ní ọdún 2020, wọ́n ṣe ti Extraction, fíìmù Netflix. Àwọn ọ̀gbẹ́ni Russo tí wọ́n ṣe fíìmù náà rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi ìṣíde apá kejì rẹ̀. Netflix fi irinṣẹ́ fíìmù ránṣẹ́ sí wọn ní ọdún yẹn kan náà. Àwọn ọmọ náà mọ igun tí kámẹ́rà yẹ kó wà, wọ́n mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn yíjú, wọ́n mọ àwọ̀ tó yẹ kó wà níbì kan. Ìmọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ń pè ní ìṣètò àwòrán nínú iṣẹ́ géèmù, kò sì fi mẹ́gábáìtì kan kún ìwọ̀n géèmù.

Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012, tọ ọ̀nà yìí. Géèmù fóònù ni iṣẹ́ wọn, Whot King sì wà lára rẹ̀. Nígbà tí Disney àti Kugali gbé eré àwòrán alápá púpọ̀ Iwájú jáde ní oṣù kejì ọdún 2024, Maliyo ló ṣe géèmù tó bá a rìn, Rising Chef, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ wa ní Èkó ọjọ́ iwájú. Àwọ̀ rẹ̀ tàn, ìlà rẹ̀ mọ́, ó sì jọ eré náà. Kò sí ẹni tó gbìyànjú láti ka irun orí alásè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí àwọn ọ̀dọ́ Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ bá ní géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, tí wọ́n fẹ́ tún gíráfíìkì rẹ̀ ṣe, ètò tó ṣeé ṣe nìyí.

Kí wọ́n kọ́kọ́ ra fóònù mẹ́ta tó kéré jù tí àwọn oníbàárà wọn ń lò, kí wọ́n sì wọn bí géèmù ṣe ń sáré lórí wọn lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà tí ara fóònù bá ti gbóná. Kí wọ́n wá "ìkòkò òdòdó" tiwọn, ohun tó ń jẹ agbára tí kò sì sí ẹni tó ń wò ó, kí wọ́n gé e kúrò. Àtúnṣe tó máa ń pa owó mọ́ jù nìyí, nítorí ó ń mú àwòrán yá, kò sì fi dátà kún un.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fọwọ́ kan àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí a ti yà mọ́ ara ilé ṣáájú kò ni fóònù lára bí èyí tí fóònù gbọ́dọ̀ ṣírò fúnra rẹ̀. Ohun tí ojú ń wò jù ni kí wọ́n tún yà lákọ̀ọ́kọ́: ojú àti ọwọ́ èèyàn, ohun ìjà, àwọn àmì orí ojú fóònù. Igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè dúró. Bí nínú ohun 200 wọ́n bá tún 30 péré ṣe, ọjọ́ 600 di 90, àwọn mẹ́rin á sì parí rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan ó lé díẹ̀.

Kí àwòrán ńlá jẹ́ ohun tí ẹni tó fẹ́ ẹ yóò dáńlóòdù lọ́tọ̀, kí ó ṣeé dá dúró kí a sì tún un bẹ̀rẹ̀ láìṣòfò, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sójú kí èèyàn tó tẹ̀ ẹ́. Square Enix ti kọ́ ọgbọ́n yìí: kí wọ́n tó tún gíráfíìkì Final Fantasy XIV ṣe ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n gbé ohun èlò ìdánwò ọ̀fẹ́ jáde kí olúkúlùkù lè mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà òun á gbà á. Àwọn èèyàn ṣàròyé nípa ojú àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe kí ọjọ́ tó pé.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Fásitì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìkòròdú. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà ní Ẹ̀pẹ́, LASUED, fásitì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ náà, sì ní ọgbà ní Noforija ní Ẹ̀pẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti àwọn tó mọ àwòrán yà jọ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá kan náà, kí wọ́n sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí fóònù olówó pọ́ọ́kú ti pọ̀, níbi tí ọ̀dọ́ ìlú lè ti dán géèmù wò. Ètò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ 3MTT ti ìjọba àpapọ̀ fi ṣíṣe géèmù àti àwòrán tó ń rìn sí ara ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá yín. Àjọ LASRIC ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń fún àwọn olùdásílẹ̀ lówó. Ẹ mú ìwé ìṣirò lọ bá wọn, èyí tí owó oníbàárà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú owó tiyín.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń ya àwòrán lórí Blender lóru, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ní eré ló ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe géèmù, kí ẹ tó gbé àtúnṣe yín jáde, ẹ gbé e lọ sí Sábó, ẹ gbé e lọ sí Ayétòrò, ẹ fún ọmọ tí fóònù rẹ̀ kéré jù níbẹ̀ kó gbá a fún wákàtí kan. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má gbé e jáde.